Àpótí Ìwẹ̀ Ìyá Morẹ́nikéjì

Ẹ̀yin ọmọ tí gbogbo nǹkan ń kán lójú, ẹ sún mọ́ mi níbí. Ní Ìrágbìjí, nínú agbolé wa lẹ́sẹ̀ òkè, obìnrin kan wà tí à ń pè ní Ìyá Morẹ́nikéjì. Ó lawọ́, ó sì kó èèyàn mọ́ra. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: kò lè dúró de nǹkan. Bó bá gbé ẹ̀wà kaná, á ti ṣí ìkòkò náà lẹ́ẹ̀mẹwàá kí omi rẹ̀ tó hó. Ògiri kan ló wà láàárín yàrá tèmi àti tirẹ̀, ohun tójú mi rí ni mò ń sọ.

Morẹ́nikéjì nìkan lọmọ rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ náà fi wà nílé ọkọ ní Òṣogbo tí kò lóyún. Lọ́jọ́ tó wá sọ pé oyún òun ti pé oṣù mẹ́ta, ìyá rẹ̀ sunkún títí ọrùn bùbá rẹ̀ fi tutù. Ẹ mọ àṣà wa: ìyá ìyàwó ní í lọ wẹ ọmọ tuntun. Á jókòó sórí àpótí kékeré, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ lé wọn, á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì ló ti ní kí káfíńtà kan àpótí tirẹ̀ fún òun.

Àpótí dé. Ó jókòó sí i, kò lè dìde mọ́. Ara ti wúwo jù, orúnkún kò gbà á. Èmi àti obìnrin méjì la fà á sókè, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ta ni yóò wá bá mi wẹ ọmọ ọmọ mi?" Ohun tó ń tún sọ nìyẹn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó lọ ro ẹjọ́ àpótí náà nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Adékúnbi gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó sì yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ní, "Màmá, ẹ dín ẹ̀bà kù, ẹ fi ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kún un, ẹ máa rìn láràárọ̀. Bí ààbọ̀ kílò bá ń lọ lọ́sẹ̀, ó tó. Kí ọmọ tó dé, ẹ ó ti máa jókòó lórí àpótí yín, ẹ ó sì máa dìde."

"Ààbọ̀ kílò! Ṣé ẹ rí bí ara mi ṣe tó?"

"Ọdún mélòó lẹ fi kó o jọ, Màmá? Ẹ má ní oṣù kan lẹ fẹ́ fi lé e lọ."

Oṣù kan gbáko ni èmi àtirẹ̀ jọ ń rìn lọ sẹ́sẹ̀ òkè. Kílò méjì lọ. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́, òun fajú ro. Kò tún padà síbẹ̀ mọ́.

Igi àsúnwọ̀n, tí ewé rẹ̀ máa ń mú inú ṣí, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà mi. Ẹni tí inú rẹ̀ bá dí ní í mu ife kékeré kan nínú àgbo rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí. Ìyá Morẹ́nikéjì ń sè é mu ní gbogbo àárọ̀ kí ara rẹ̀ lè tètè jò, kò sì jẹ nǹkan mìíràn ju omi ògì lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo bi í. Ó ní, "Ìyá Fọlárìn, ẹ jẹ́ n tètè ṣe é, ọmọ ń bọ̀." Mo bá tèmi lọ. Èmi ni mo nigi, mi ò sì gé e. Ó ń dùn mí di òní olónìí.

Ara ń jò lóòótọ́. Ìró rẹ̀ ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń jókòó sórí àpótí, ó ń dìde, ó ń pariwo pé ká wá wo òun. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Bí a bá béèrè pé ṣé kò sí o, á ní ìlara ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ láago: Morẹ́nikéjì ti bí, ọkùnrin ni! Ó di ẹrù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé àpótí, ó sì ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi. Dókítà ní omi àti iyọ̀ ara rẹ̀ ti ṣàn tán, àyà rẹ̀ kò lù bó ṣe yẹ mọ́. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló fi wà lórí ibùsùn. Ìyá ọkọ ló wẹ ọmọ. Wọ́n sọmọ lórúkọ, kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan Morẹ́nikéjì pè é lórí aago pé kó gbọ́ bí ọmọ ṣe ń ké nínú omi. Ó gbọ́ ọ, ó kọjú sí ògiri, ó sunkún.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, gbogbo ara tó lọ ló padà. Tìtìjútìtìjú ló fi lọ bá Nọ́ọ̀sì. Ìyẹn kò bá a wí. Ó ní, "Màmá, ẹ bọ́ sórí òṣùwọ̀n." Ọdún kan àti ààbọ̀ ló fi rìn ín, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì dákẹ́.

Lọ́jọ́ tí Morẹ́nikéjì gbé ọmọ wá, ìyá rẹ̀ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ọpọ́n, ó gbé àpótí sí àgbàlá, ó jókòó fúnra rẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Ọmọ wò ó. Ó kọ̀, kò dùbúlẹ̀. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọnú ọpọ́n omi, ó dúró gangan, ó já kànìnkànìn gbà.

Ìyá Morẹ́nikéjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá Fọlárìn," ló wí, "mo ti lè jókòó báyìí. Ọmọ ló ti dàgbà ju ẹni tí à ń tẹ́ sórí ẹsẹ̀ wẹ̀ lọ."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ara kì í ṣe ẹrù tí à ń sọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ara rẹ̀ fúyẹ́, kó gbọ́ ti ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó jẹun tó yẹ, kó sì fún ara láyè. Ọ̀nà tí Ìyá Morẹ́nikéjì pè ní gígùn yẹn ni ìbá gbé e dé lásìkò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.