Ẹni Tó Tẹ̀ Lé Fadékẹ́mi Sọ̀ Kalẹ̀

Láti òwúrọ̀ ni Fadékẹ́mi àti ọkọ rẹ̀, Oyèníran, ti gun òkè lọ wo omi tó ń dà láti orí àpáta. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó máa sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà há, ìyàwó ṣíwájú, ọkọ ń tẹ̀ lé e.

“Olówó orí mi, ẹ rọra o, òkúta ń yọ̀.”

“Mò ń bọ̀.”

Àmọ́ kò gbúròó bàtà mọ́. Ẹsẹ̀ lásán ló ń tẹ ewé gbígbẹ.

Bó ṣe yọ ní kọ́nà, ó rí Oyèníran nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, tó ń pariwo tẹkúntẹkún: “Fadékẹ́mi, sáré! Má wẹ̀yìn!”

Ọwọ́ tútù kan bà lé èjìká rẹ̀.

“Má dá a lóhùn,” ni ohùn ọkọ rẹ̀ wí sí i létí. “Òun kọ́ lo bá gun òkè.”