Òórùn Tí Kì í Pariwo

Ọkọ tó dára ni Ẹnjiníà lójú aránṣọ, àfi pé kì í pẹ́ nílé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tún ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè nínú ilé gogoro ṣe, ó sì ní ìlú kejì ni èyí tó máa ń bàjẹ́ jù wà. Ìdajì ọ̀sẹ̀ ló ń lò lọ́hùn-ún, ìdajì tó kù ló ń lò nídìí ọbẹ̀ aránṣọ.

Kì í yọ obìnrin lẹ́nu. Aṣọ rẹ̀ kì í délé pẹ̀lú ìdọ̀tí. Ó ní alágbàfọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń bá òun fọ̀ ọ́, tó sì ń lọ̀ ọ́ tí ìlà apá rẹ̀ fi lè gé èèyàn lọ́wọ́. Kò fẹ́ràn ariwo, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ra wọn láìpe èrò. Ọkọ̀ rẹ̀ pàápàá, òpópónà kejì ló ń gbé e sí, nítorí àwọn ẹyẹ tó ń yàgbẹ́ lórí igi iwájú ilé. Aránṣọ a máa fi í yangàn fún àwọn oníbàárà tí ọkọ wọn ń da ṣòkòtò sílẹ̀ káàkiri yàrá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé orí lé àyà ọkọ rẹ̀ lórí àga gígùn, ó sì gbọ́ òórùn kan. Kì í ṣe irú èyí tó ń kí èèyàn láti ẹnu ọ̀nà. Ó dà bí ewé tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já, pẹ̀lú òdòdó kan tó ń yọjú lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé orí sókè, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó tún gbé imú lé e, ó tún gbọ́ ọ.

Ó gbé e sínú. Nígbà tí Ẹnjiníà tún dé láti ìlú kejì, òórùn náà wà níbẹ̀. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Ewé ta ló wá ń pẹ́ lára ọkọ rẹ̀ báyìí?

"Mo ti gbọ́ o," ló sọ fún un nídìí oúnjẹ.

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Ẹnjiníà. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Imú mi ni."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín ju bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tó lọ. Ó ní akọ̀wé ọ́fíìsì àwọn ló ń fín nǹkan olóòórùn káàkiri, pé ọjọ́ kan ló máa pa gbogbo àwọn. Aránṣọ bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí kó tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ imú ni.

Ẹ̀rù bà á. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, ìyẹn gan-an ló bí i nínú. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: ta ni obìnrin tó ń bá òun du ọkọ? Bó bá ti mọ̀ ọ́n, yóò kó ẹrù Ẹnjiníà síta, ì báà sunkún títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fimú fínlẹ̀ lóòótọ́. Iṣẹ́ ìránṣọ ràn án lọ́wọ́, nítorí ẹni tó bá fẹ́ wọn àyà kò lè dúró lókèèrè. Kò sí oníbàárà tí kò gbóòórùn rẹ̀ tán kí ó tó ká tépù, débi pé ọ̀kan béèrè bóyá ọ̀fìnkìn ń ṣe é. Kò rí i. Ó wá gba ilé àwọn onílọ́fínńdà lọ. Wọ́n ní tiwọn a máa délé ṣáájú ẹni tó fín in. Bó bá jẹ́ òórùn ewé tí kì í pariwo ló ń wá, kí ó lọ bá obìnrin ẹ̀gbẹ́ ilé búrẹ́dì, òun nìkan ló ń po irú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àǹtí Olóòórùn ni wọ́n ń pe obìnrin náà, orúkọ tí ẹlòmíràn ì bá tìtorí rẹ̀ jà. Nígbà tí aránṣọ ṣàlàyé òórùn náà, ó rọra gbé àrọ tó fi ń rọ òróró sínú ìgò sílẹ̀, ó mú ìgò kékeré kan, ó kán díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ àlejò rẹ̀.

"Ẹ ní sùúrù fún un," ló wí.

Lákọ̀ọ́kọ́, koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni, ó ta sí imú díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi sọ̀rọ̀ oòrùn àti orúnkún tó ń ro èèyàn tán, òdòdó ti yọ. Kò pẹ́ tí òdòdó náà fi wọ inú ara lọ, tó wá kù bí awọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

"Òun náà ni," ni aránṣọ wí.

"Kì í rìn jìnnà. Ẹni tí kò bá gbé imú lé àyà kò lè gbọ́ ọ."

"Àyà náà ni mo ti gbọ́ ọ."

"Àyà ta ni?"

"Ọkọ mi."

Àǹtí dìde, ó yí páálí ẹnu ọ̀nà padà kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé òun ti tilẹ̀kùn, ó sì bu omi tútù fún un. Ó béèrè iṣẹ́ tí ọkọ náà ń ṣe, bóyá ó máa ń sùn nílé, bóyá ó ń hanrun. Aránṣọ sọ gbogbo rẹ̀, nítorí kò tíì sí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Àǹtí na áńkáṣíìfù sí i.

"Ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe ń dun obìnrin, Àǹtí. Ẹ má fi pamọ́ fún mi. Ta lẹ tà á fún?"

"N ò tà á fún ẹnikẹ́ni rí, àbúrò mi, bí mo bá ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì baba àwọn ọmọ mi tán ni mo máa ń kán díẹ̀ sí i láyà, tí mo sì ń wá jókòó síbí kí n lè mọ ẹni tó máa wá béèrè."