Orúkọ tí Odídẹrẹ́ Yọ Nínú Orin

Àlọ́ rèé o! Ó fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé orí Odídẹrẹ́ olórin.

Ẹkùn, ọba ẹranko, pa Àwẹ̀ró ọmọ Ẹtu jẹ létí odò. Odídẹrẹ́ fi í dá orin, gbogbo ìlú sì ń gbè é:

Àwẹ̀ró lọ sódò, kò bọ̀.
Tèrènà, kò bọ̀.

Inú bí Ẹkùn, ó lé Odídẹrẹ́ kọjá odò. Àárò ilé ń sọ ọ́ níbẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ láti ilé, á na ọrùn, bóyá á gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀.

Ẹkùn ránṣẹ́ sí i: "Yọ orúkọ ọmọ yẹn, kí o máa bọ̀ nílé."

Odídẹrẹ́ rò ó títí, ó gbà. Nígbà tó dé, ìlú péjọ, Ẹtu jókòó níwájú. Odídẹrẹ́ dá orin:

Ẹnìkan lọ sódò, kò bọ̀.

Kò sẹ́ni tó gbè é. Ẹtu dìde.

"Odídẹrẹ́, ẹnìkan kọ́ ni mo bí. Àwẹ̀ró ni mo bí."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá Odídẹrẹ́ tẹ̀ lé e.

Odídẹrẹ́ ti délé, àmọ́ àárò ilé ṣì ń sọ ọ́.

Bí mo bá fi orúkọ ẹnikẹ́ni pamọ́ nínú àlọ́ tèmi, ẹ má gbè é.