Ògiri Kíríákì Mímọ́

Ní erékùṣù Naxos nílẹ̀ Gíríìsì, ẹni tó bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé tó sì rí àfọ́kù ìkòkò àtijọ́, kíá ni yóò wo ọ̀tún wo òsì, yóò sì fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Bí ọ́fíìsì ohun àtijọ́ ti ìjọba bá fi lè gbọ́, ilé onítọ̀hún kò ní ga ju ìpìlẹ̀ lọ fún ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, gbogbo abúlé Vrisula ló ń gbàdúrà kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan àtijọ́ kan, kódà kí ó kéré bí èékánná.

Ohun tó fà á ni ọ̀nà tuntun tí ìjọba fẹ́ là lọ sí etíkun. Ìlà tí wọ́n fà sórí máàpù gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì Kíríákì Mímọ́ kọjá. Ṣọ́ọ̀ṣì náà kò ju yàrá kan lọ. Ìdílé Anesina ló ni ín, abẹ́ rẹ̀ sì ni wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni Anesina.

Ó sọ fún alága ìlú pé, "Ẹ jẹ́ kí kátápílà yín kọ́kọ́ gba orí mi kọjá ná."

Alága ìlú, tí ilẹ̀ rẹ̀ wà létíkun, sọ pé ọ̀rọ̀ náà dun òun wọra.

Òfin fi àyè kan sílẹ̀: bí àwòrán ayé àwọn ọba Bisáńtíọ̀mù, ìyẹn nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, bá wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, kátápílà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Anesina kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ohun àtijọ́. Wọ́n dáhùn pé Dókítà Poliseni, onímọ̀ wọn nípa ohun àtijọ́, yóò wá yẹ ògiri náà wò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án kí ó tó dé.

Saranti, ọmọ àbúrò Anesina, ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ya àwòrán àwọn ẹni mímọ́ tà fún àlejò. Ó kọ́ṣẹ́ ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn bàbá tó ń gbé ilé àdúrà orí òkè, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

"Àǹtí, kí lẹ rò pé obìnrin yẹn máa bá lára ògiri?"

"Ẹfun."

"Ẹfun lásán. Ọdọọdún lẹ̀ ń kùn ún kí ọdún Kíríákì tó dé. Ìyá yín kùn ún, ìyá tiwọn náà kùn ún."

"Wọ́n ní ká má fọwọ́ kàn án. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, Saranti."

"Àǹtí, kátápílà ò gbọ́ òwe."

Anesina mu kọfí rẹ̀ tán. Ó dojú ife dé. "Ó dáa. Yà á kó rẹwà."

Ní ọjọ́ Ajé Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, Saranti tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́rí. Àwọn bàbá orí òkè ti kọ́ ọ pé ìrẹ́ tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ògiri tó ń dán. Àfi kí èèyàn fi òòlù ẹlẹ́nu ṣóńṣó ṣá ògiri náà títí yóò fi kan òkúta. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló fi ṣá a, kò fo ibì kan, oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ ni. Eruku tó bọ́ sílẹ̀ kọ́kọ́ funfun, nígbà tó yá ó di búlúù. Kò yà á lẹ́nu. Ìyá arúgbó wo ní Naxos ni kì í po búlúù ìfọṣọ mọ́ ẹfun rẹ̀? Anesina gbá gbogbo rẹ̀ sínú garawa, ó lọ dà á sídìí igi ọ̀pọ̀tọ́.

Saranti rẹ́ ògiri, ó sì ya Kíríákì Mímọ́ sí i láti òkè dé ilẹ̀. Ó fi èéfín àbẹ́là kùn ún, ó fi kọfí nù ún kí ó lè gbó. Àwọn ará abúlé wá wò ó, àwọn mìíràn tilẹ̀ sunkún.

Dókítà Poliseni dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ọ̀bẹ kékeré kan. Alága ìlú tẹ̀lé e wọlé. Ó dúró níwájú ògiri pẹ́ díẹ̀.

"Mama, ìgbà wo ni àwòrán yìí ti wà níbí?"

"Kí wọ́n tó bí mi, ọmọ mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni mímọ́ náà, ó sì nu ìka náà sára ṣòkòtò. "Ẹgbẹ̀rin ọdún rèé, kò tíì gbẹ."

Alága ìlú nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Dókítà gbóòórùn ògiri. "Kọfí ni. Ẹ ò tiẹ̀ yọ ṣúgà kúrò nínú ẹ̀." Ó wo imú ẹni mímọ́, ó wo imú Anesina. "Ta ló yà á?"

Saranti ní, "Àwọn oníṣẹ́ àtijọ́ kì í kọ orúkọ wọn síṣẹ́, Dókítà."

"Eléyìí ò bá kọ ọ́ o. Ó jọ ẹni tó máa kọ ọ́."

Anesina di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, èmi ni mo ní kó yà á. Ọkọ mi ló wà lábẹ́ ibi tó o dúró sí yẹn. Má jẹ́ kí wọ́n máa wa mọ́tò lórí ẹ̀."

Dókítà yẹ ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Mama, ẹ ò bá ti dúró dè mí. Kì í ṣe ohun tó hàn ni mo wá wò. Abẹ́ ẹfun ni mo wá wò."

Ó ki ọ̀bẹ bọ abẹ́ ìrẹ́ tuntun náà.

Saranti ní, "Ẹ rọra o. Kò lè ṣí wẹ́rẹ́, mo ti ṣá gbogbo ibẹ̀ kan òkúta."

Ọ̀bẹ náà dúró. "Ẹ ṣe kí ni?"

Ó tan tọ́ọ̀ṣì síbi tó ṣí, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó béèrè ibi tí eruku rẹ̀ wà. Anesina fi igi ọ̀pọ̀tọ́ hàn án. Dókítà kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń ṣa nǹkan wẹ́wẹ́ búlúù sínú àpò ọ̀rá, ó sì pẹ́ kí ó tó dìde.

Ìwé tí ó kọ láti fi gba kátápílà láyè kò ju ìlà méjì lọ: pé lóòótọ́ ni àwòrán ẹgbẹ̀rin ọdún bo ògiri Kíríákì Mímọ́ láti òkè dé ilẹ̀, àti pé ó wà níbẹ̀ láìní àbùkù títí di ọjọ́ Ajé Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ tó kọjá.