Ariwo Láwùmí

Agbowó, ọdún 1985. Ọ̀sán gangan.

Mo tún tẹ́ ẹní sídìí ògiri tó pààlà yàrá mi àti ti Ìyá Onílé, mo gbé Láwùmí jókòó lé e.

Ọmọ oṣù méje ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun lóhùn.

"Yéééèè!"

Rédíò Ìyá Onílé ò lè borí ẹ̀.

Wọ́n ń lu ògiri. "Ìyàwó! Jẹ́ n gbọ́ ìròyìn!"

Mo fún Láwùmí ní ṣíbí àti agolo mílíìkì òfìfo kó máa lù ú.

Wọ́n já wọlé, ìborùn wọn ti ń wọ́lẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé o fẹ́ kí etí mi di ni? Gbé e lọ sẹ́yìnkùlé!"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ pè mí lórúkọ mi, màá gbé e kúrò."

"Orúkọ wo? Ṣebí Ìyàwó lò ń jẹ́."

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jẹ́ ẹ, mà. Gbogbo obìnrin ilé yìí lẹ ń forúkọ ọmọ pè. Èmi tí mi ò tíì bí nígbà náà, Ìyàwó. Ẹ jẹ ìrẹsì ìkómọ Láwùmí tán, Ìyàwó náà ni."

Wọ́n wo ọmọ náà. Láwùmí ò dákẹ́.

"Ìyá... Ìyá Láwùmí," wọ́n rọra wí.

Mo fọwọ́ sétí.

"Mi ò gbọ́ yín, mà. Ariwo ọmọ mi ti pọ̀ jù."