Àwọn Àgbà Ilé Kìíní

Ọrùn Bàbá ni kọ́kọ́rọ́ géètì oko máa ń wà, lórí okùn, kì í sì í bọ́ ọ bó bá tilẹ̀ ń wẹ̀. Ọmọ méjì ló ń wo kọ́kọ́rọ́ náà. Èyí àgbà jẹ́ obìnrin, Kíákíá ni Bàbá ń pè é, torí kì í lè jókòó títí omi á fi hó. Èyí àbúrò jẹ́ ọkùnrin, Aláàánú lorúkọ tiẹ̀. Nígbà kan tí òròmọdìyẹ kú sí i lọ́wọ́, ó sunkún, Bàbá ò sì jẹ́ kó gbàgbé.

Kíákíá fẹ́ sọ oko adìyẹ náà di iléeṣẹ́ gidi tó ń pa èrè wọlé. Bàbá ní òun gbọ́, àmọ́ ohun kan wà tóun ń wò ná.

"Àwọn àgbà adìyẹ tó wà nínú ilé kìíní yẹn ò yé ẹyin mọ́," ó ní. "Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá gbà á láti mú ohun tó ti gbó kúrò nílẹ̀, kò lè dáko jèrè. Oko kì í ṣe ilé àánú. Ọjọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì bá lè ṣe é, ẹ wá gba kọ́kọ́rọ́."

"Ẹ fún wa láyè díẹ̀, Bàbá," Kíákíá ní.

Bàbá fún wọn láyè, ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò lára wọn. Nígbà tí Kíákíá ra ẹ̀rọ tó ń bu omi fún adìyẹ fúnra rẹ̀, Bàbá yí i ká, ó yí i ká, ó fẹsẹ̀ tì í ṣubú, ó ní àwọn àgbà ló ṣe é. Bílẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, àárín àgbàlá ló máa dúró sí, táá máa pariwo lé àwọn òṣìṣẹ́ lórí títí ajá àwọn aládùúgbò á fi dá a lóhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé kìíní, ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ó ní òun ń sinmi ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń nu kéréètì ẹyin lábẹ́ fèrèsé pálọ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn wọn nínú ilé.

"A ò lè tẹ̀ síwájú bí wọ́n bá ṣì wà níbí," Kíákíá ń sọ.

Bàbá dáwọ́ dúró.

"Àárọ̀ kan ò sí tí wọn kì í pariwo. Ẹ̀rọ omi tí mo rà, ọjọ́ tó wọlé náà ni wọ́n bà á jẹ́."

Bàbá fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín fẹ́ pa á.

"Ẹ̀gbọ́n mi, lára wọn la ti rówó iléèwé wa," Aláàánú ní.

"Mo mọ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ara wọn ò le mọ́. Bí nǹkan bá ṣe wọ́n níbí, ta ló máa tètè mọ̀?"

"Wọn ò ní pẹ́ kú tí wọ́n bá kúrò níbí."

"Mo ti débẹ̀. Ibẹ̀ mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ wọn pọ̀ níbẹ̀. Bí o bá ti gbà, ọkọ̀ á wá gbé wọn láàárọ̀ ọ̀la."

Bàbá na etí sí fèrèsé. Bí Aláàánú bá kọ̀, ó tán nìyẹn, kọ́kọ́rọ́ ò kúrò lọ́rùn.

"Ó dáa," Aláàánú ní.

Bàbá mí kanlẹ̀. Èdè Kíákíá nìkan ló kù díẹ̀ káàtó. Gbé kẹ̀? Adìyẹ rẹpẹtẹ, kíkó là ń kó o. Àwọn ọmọ ìwòyí ò gbédè mọ́.

Ó wọlé tọ̀ wọ́n lọ.

"Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ látẹ́yìn fèrèsé."

Aláàánú fò dìde. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ẹ jọ̀ọ́ ti kí ni? Ohun tí mo ti ń retí lẹ́nu yín látijọ́ yìí nìyẹn."

Kíákíá kúnlẹ̀. Omi dà lójú rẹ̀. "Ẹ ò bínú sí wa?"

"Bínú ṣe kí ni? Ká ní èmi ni ìwọ, ǹ bá ti ṣe é tipẹ́. Ohun tó bá ti gbó, kó yàgò lọ́nà." Bàbá bọ́ okùn lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. "Oko ti dọwọ́ ẹ. Sọ fún ọlọ́kọ̀ kó tètè dé kí oòrùn tó mú."

Ní ìrọ̀lẹ́, Kíákíá fọ gbogbo aṣọ Bàbá, ó sì lọ̀ wọ́n. Bàbá gbà pé ọpẹ́ kọ́kọ́rọ́ ni. Aláàánú ò lè jẹun, ó kàn ń wo bàbá rẹ̀ ṣáá.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," Bàbá ní, "ó máa tó mọ́ ẹ lára."

Bílẹ̀ ṣe mọ́, Bàbá wọ bàtà rọ́bà rẹ̀, ó dúró sẹ́nu géètì. Ọkọ̀ náà wọlé. Kékeré ni, ó mọ́ tónítóní, ìjókòó rẹ̀ rí múlọ́múlọ́. Nínú ilé kìíní, àwọn àgbà ń jẹun, wọ́n ń ké.

"Awakọ̀, àgò tá a fẹ́ kó wọn sí dà?" Bàbá bi í.

"Àgò ti kí ni, Bàbá?" Awakọ̀ náà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Kíákíá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ń fì lọ́rùn rẹ̀. Aláàánú wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, ó di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ rọra, Bàbá. Ẹ tẹrí ba díẹ̀, kẹ́ ẹ má fi gbá ọkọ̀."

Àpótí aṣọ Bàbá ló wà lórí ìjókòó, ìgbà náà ló tó yé e pé kò sí àṣìṣe kankan nínú èdè ọmọbìnrin òun: gbígbé là ń gbé ẹnì kan.