Ààlè Lára Kúlà

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fún ẹlòmíràn. Àwọn tó fi í sílẹ̀ ní ìdajì ló máa ń rò pé Akínọlá ni olè.

1.
Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní nǹkan bí ọdún 1988, ọdẹ kan wà tó ń jẹ́ Gàfárù. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Takie. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Akínọlá, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Mercy. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n wọn ni wọ́n ti jọ ń ṣọdẹ. Bí Akínọlá bá yìnbọn, Gàfárù ni yóò sáré lọ dúńbú ẹran kó tó kú, kí àwọn méjèèjì lè jọ jẹ ẹ́.

Yìgì Bushrah, àkọ́bí Gàfárù, wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn àna ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́. Gàfárù la ẹnu, ó ní kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ ra àgbò.

"Ẹran ìgbẹ́ lẹ ó jẹ nílé mi! Kì í ṣe gbígbẹ o. Ẹran tútù nini ni!"

Igbó tí wọ́n ń lọ jìnnà, ó kọjá oko tó jìnnà jù. Wọ́n de kúlà ńlá mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù Akínọlá, yìnyín kún inú rẹ̀, wọ́n sì fi àpò tí wọ́n rọ ìyẹ̀ pákó sí wé e kí ooru má bàa tètè wọlé.

2.
Ọlọ́run bá wọn ṣe é. Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Gàfárù yìnbọn fún ìgalà ràbàtà kan. Ó dúńbú rẹ̀, wọ́n kun ún, wọ́n kó o sínú kúlà. Akínọlá fi ewé bò ó, ó gbé e sábẹ́ igi lẹ́bàá ahéré tí wọ́n ń sùn.

"Gàfárù, má ṣí i o," ló wí. "Ooru ni ọ̀tá yìnyín. Èmi ni n ó máa da omi rẹ̀ nù."

Ọ̀rọ̀ yìí ò ní nǹkan kan nínú. Ṣùgbọ́n Gàfárù ti gbọ́ nílé, lẹ́nu àwọn tí kò níṣẹ́ méjì ju ọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni lọ, pé Akínọlá ń yọ́ ẹran gbé lọ fún ilé oúnjẹ kan. Ó wá ń bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò fi fẹ́ kí òun ṣí kúlà.

Akínọlá lọ pọnmi, Gàfárù ṣí i. Akínọlá lọ ṣẹ́gi, ó tún ṣí i. Ó tẹ itan, ó wo igẹ̀. Lójú rẹ̀, ńṣe ni itan ń kéré sí i. Ó rí Akínọlá tó ń fọ ọ̀bẹ létí odò. Ọ̀bẹ kí ló ń fọ? Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ti ń fura báyìí. Ẹ ṣe sùúrù. Ọ̀bẹ tó fi bẹ iṣu ni.

Gbogbo bó ṣe ń ṣí i yẹn, yìnyín ń yọ́.

3.
Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Akínọlá wo omi inú kúlà, ó mi orí. "Yìnyín yìí yára yọ́ jù. Jẹ́ ká yan ẹran yìí, ọ̀rẹ́ mi."

"Yan kí ni? Ẹran tútù ni mo ṣèlérí fún àwọn àna mi!"

"Ó dáa. Jẹ́ kí n lọ ra yìnyín míì wá. Tí mo bá dé, tí o ò sí ńlé, n ó kó o sí i."

Tí o ò sí ńlé! Ọ̀rọ̀ yẹn gún Gàfárù láyà. Bí ìró alùpùpù ti ń lọ, ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìfura loògùn àgbà. Ó mú ìkarahun ìgbín, ó so ó mọ́ àkísà pupa àti màrìwò, ó sì fi kọ́ ọwọ́ kúlà. Ààlè nìyẹn. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí ààlè ń wí: ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan yìí, olè ni, ohun tó bá sì rí, kó fara mọ́ ọn. Gàfárù tó ń kírun márààrún ló ṣe èyí o! Ó gbé ìbọn, ó wọgbó lọ wá ẹran kejì.

4.
Oòrùn ti rọ̀ kó tó dé. Ọwọ́ òfo ló gbé bọ̀. Ó bá Akínọlá tó jókòó sórí gbòǹgbò igi. Àpò yìnyín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yìnyín ti di omi, ó ti ṣàn dé ìdí kúlà.

"Akínọlá! Kí ló dé tí o ò kó o sí i?"

Akínọlá nawọ́ sí ààlè. "Bàbá mi kọ́ mi pé ibi tí wọ́n bá pa ààlè sí, ọmọlúàbí kì í nawọ́ débẹ̀. Gàfárù, àwa méjì péré ló wà nínú igbó yìí. Ta lo pààlè fún?"

Gàfárù tú ààlè náà kúrò. Ó ṣí kúlà, òórùn tó jáde lé e sẹ́yìn. Ẹran náà pé o. Itan, igẹ̀, orí, kò sí ohun tó dín. Ó kàn ti bàjẹ́ ni. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀, ó sunkún bí ọmọ kékeré.

5.
Nígbà tí ọjọ́ yìgì pé, ẹja ni wọ́n fi ṣe àwọn àna lálejò. Ọ̀kan nínú wọn rọra bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹran tútù ńkọ́?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyẹn ṣì kéré.

Akínọlá wá, nítorí ọmọ. Bushrah fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ gbé oúnjẹ fún un. Nígbà tó padà dé, oúnjẹ wà bó ṣe gbé e sílẹ̀.

"Bàbá Mercy, ẹ ò jẹun. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan, ọmọ mi. Mò ń wò ó bóyá ààlè wà lára rẹ̀ ni."

Bushrah yíjú sí bàbá rẹ̀. Gàfárù wolẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn ò jọ wọgbó mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbọ́ o. Òótọ́ ni pé ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n oògùn tí a bá lò jù a máa pa aláìsàn. Olè kì í wo ààlè, ọmọlúàbí nìkan ló ń dá dúró. Ẹ má pa á de ọ̀rẹ́ tó ń gbé yìnyín bọ̀ wá bá yín. Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.